Ọdún tí Ìbọn Ológun Wọ Àgbàlá Wa

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ mi kan jókòó síwájú ilé pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n ń jiyàn lórí bángà tí àwọn ọmọdé máa ń yìn lásìkò ọdún. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ tú ẹ̀tù inú ọ̀kan dà sínú òmíràn kó lè dún kíkankíkan. Ọmọ ọmọ mi ní, "Kò sí wàhálà, la poudre, c'est la poudre." Ẹ̀tù ni ẹ̀tù. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo gba gbogbo bángà náà lọ́wọ́ wọn, mo dà wọ́n sínú korobá omi, mo sì pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí obìnrin Baoulé tó ń dín àlókò, dòdò wọn, lẹ́nu ọ̀nà wa fi ju ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀, tó wá béèrè bóyá ejò ni mo rí. Mo ní kì í ṣe ejò, mo ní gbólóhùn kan ni mo gbọ́. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo arúgbó tí orí rẹ̀ ti ń dàrú, ó padà sídìí epo rẹ̀. Orí mi kò dàrú. Inú ló ń bí mi, ìbínú náà sì ti dàgbà ju àwọn òbí ọmọ yẹn lọ.

Treichville ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, nínú àgbàlá kan tí yàrá yí ká, tí ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo dúró láàárín rẹ̀. Ànàgó ni àwọn ará Àbíjàn ń pè wá, yálà Ògbómọ̀ṣọ́ lo ti wá ni o, tàbí Ọ̀yọ́, tàbí Kútọnu. Ohùn àkọ́kọ́ láàárọ̀ ni ti ládàánì, lẹ́yìn rẹ̀ ni korobá lábẹ́ ẹ̀rọ omi àti ìjà àwọn obìnrin lórí ẹni tó kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà ni odó tí àwọn aládùúgbò wa fi ń gún fùtú, iyán tiwọn. Ṣùgbọ́n ohùn tí èmi fi ń mọ̀ pé ilé tiwa ti jí ni kọ, kọ, kọ, òòlù kékeré lórí idẹ. Iṣẹ́ bàbá mi nìyẹn. Ó ń tún ìbọn ọdẹ ṣe, ó sì ń ki ẹ̀tù tuntun sínú kòròfo ọta tí wọ́n ti yìn, kí ọdẹ lè tún un lò. Ìjọba fún un níwèé àṣẹ iṣẹ́ náà, ó fi gíláàsì bò ó, ó gbé e kọ́ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán Mẹ́kà. Àwọn ọdẹ Dùlá, àwọn tí wọ́n ń pè ní dónsò, máa ń ti òkè wá bá a pẹ̀lú ẹ̀wù aláwọ̀ ẹrẹ̀ tí wọ́n so ìwo àti ońdè mọ́. "I ni sogoma, Ànàgó-kọ̀rọ̀bá," wọn á kí i, pé ẹ káàárọ̀, àgbà Ànàgó, wọn á sì fi ìbọn wọn lélẹ̀ bí ẹni fi ọmọ lélẹ̀ fún oníṣègùn.

Mo fẹ́ kí ó yé ẹni tó bá ń ka èyí pé bàbá mi kì í ṣe aláìmọ̀kan. Ibẹ̀ gan-an ni ìbínú mi ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ ẹ̀tù tó o nínú àwọn tí mo rí láyé. Òfin tó wà nílé wa nítorí ẹ̀tù pọ̀ ju òfin tó wà nítorí ààwẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mu sìgá nínú àgbàlá. Ìyá mi kò gbọdọ̀ dáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá wa bí àwọn obìnrin yòókù. Ìkángun kejì ni àdògán rẹ̀ wà, níbi tí òjò ti máa ń pa á nígbà tó bá ń ro ẹ̀kọ láàárọ̀ tàbí tó bá ń dín ẹja tí a fi ń jẹ àtìẹ́kẹ́ onígbáàgúdá lọ́sàn-án. Kò ráhùn. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ kòròfo ọta títí á fi máa dán, kí n gbé wọn sójú oòrùn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n wò ó bóyá ó sán. Bí mo bá rí èyí tó sán, bàbá mi á fún mi ní midinmíìdìn. "Sìdí," á ní, "ẹ̀tù kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Èèyàn lo lè bẹ̀." Inú mi máa ń dùn nígbà náà. Mo rò pé òun ló mọ́ jùlọ láyé, nítorí ó máa ń fọ ọwọ́ rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan agolo ẹ̀tù, bí ẹni fẹ́ kírun.

Àbúrò rẹ̀, ọmọ bàbá kan náà, ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Bọ̀dá Kàmọ́rù ni èmi ń pè é. Ìyá mi bá a nílé nígbà tó wọlé ọkọ, nítorí náà kò lè pe orúkọ rẹ̀. Adúmáadán ló sọ ọ́, nítorí ó dúdú, ara rẹ̀ sì ń dán. "Adúmáadán, ọkọ mi, ẹ wá jẹun kó má tutù." Òun náà á ní, "Ìyàwó wa, ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ pé mo wà láyé." Kò tíì gbéyàwó, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń bá a sọ ti ọmọ kan ní Adjamé. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni igi ìbọn. Ó lè mú ìbọn tí ìdí rẹ̀ ti là, kó fi igi irókò gbẹ́ òmíràn, kó sì fi yanrìn àti epo nù ún títí tí oníbọn yóò fi máa fọwọ́ pa á bí ẹni pa orí ọmọ. Ó máa ń pa ojú kan dé, á fi èkejì wo inú irin ìbọn láti ìdí dé ẹnu, á ní, "Ó tọ́," tàbí, "Ó wọ́." Bó bá ti sọ ọ́, ó parí.

Lẹ́yìn ọdún Iléyá ni Kọ̀máńdàǹ gbé ìbọn yẹn wá. Ọ̀gá ológun tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọmọ ilẹ̀, ó ní oko rọ́bà lójú ọ̀nà Dabou. Gbogbo àwọn Ànàgó àdúgbò wa ló mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ọlọ́pàá bá kó àwọn èèyàn wa lọ́jà Adjamé nítorí ìwé ìgbélùú, òun ni bàbá mi máa ń sá tọ̀, á kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sórí káàdì, wọn á sì tú wọn sílẹ̀. Nítorí náà, ọjọ́ tí mọ́tò rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, àwọn obìnrin fún un ní àyè lẹ́bàá ẹ̀rọ omi, ìyá mi sì nu àga kí ó tó jókòó. Ó tú aṣọ lára ìbọn náà. Ìbọn ológun àtijọ́ ni, irú èyí tí wọ́n máa ń tà nígbà tí wọ́n bá ti kó tuntun fún àwọn ọmọ ogun. Ó wúwo, ó gùn. Kọ̀máńdàǹ ní kò rí ọta rẹ̀ rà mọ́, ṣùgbọ́n òun ní kòròfo rẹ̀ lápò, kí bàbá mi bá òun ki ẹ̀tù sí wọn. Àwọn àlejò ń bọ̀ láti Faransé wá sóko òun, òun fẹ́ kó wọn jáde lọ ṣọdẹ.

Bàbá mi yẹ ìbọn náà wò títí. Lẹ́yìn tí Kọ̀máńdàǹ lọ, ó pe èmi àti Bọ̀dá Kàmọ́rù, ó sì fi hàn wá. Títí di òní mo lè sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Ó ní ìbọn ọdẹ tí a mọ̀, bó bá ti yìn, ó dúró, ọwọ́ ọdẹ ló máa ṣí i. Èyí kì í dúró de ọwọ́. Ihò kékeré kan wà lábẹ́ irin rẹ̀, nítòsí ẹnu. Bí ọta bá ti kọjá ihò yẹn, díẹ̀ nínú èéfín ẹ̀tù á gba ibẹ̀ wọlé, á ti ọ̀pá irin kan sẹ́yìn, ọ̀pá náà á sì ṣí ìdí ìbọn, á ju kòròfo síta, á gbé ọta mìíràn wọlé. "Èéfín ni ọmọ iṣẹ́ rẹ̀," ó ní. "Ẹ̀tù wo la ó wá fún un? Èyí tó ń jó bí koríko ọyẹ́ ńkọ́, èyí tí mò ń ki sínú ọta wẹ́wẹ́ àwọn ọdẹ? Á fọ́ ìbọn mọ́ èèyàn lójú. Ẹ̀tù dúdú ńkọ́? Èédú rẹ̀ á dí ihò yẹn pa. Èyí tó wà nínú agolo pupa yẹn ńkọ́, ti ìbọn erin? Ìyẹn ń falẹ̀ bí èèpo ẹyìn nínú àdògán. Ọta á ti dé ihò, òun á ṣì máa jó, agbára rẹ̀ á pọ̀ ju ohun tí ọ̀pá lè gbà lọ. Á tẹ̀ ẹ́. Èyí tó wà láàárín ni ìbọn yìí fẹ́, èyí tí kò yára tí kò sì falẹ̀, ti irú rẹ̀ gan-an. A ò ní in nílé. Ó di kí ó ti èbúté Vridi wọlé." Bọ̀dá Kàmọ́rù ní, "Ká dúró dè é nígbà náà." Bàbá mi ní, "A ó dúró dè é." Ọ̀rọ̀ náà yé èmi ọmọdébìnrin. Kò sí ẹni tí kò yé.

A dúró. Ọkọ̀ ojú omi kò tètè dé, tàbí ó dé tí àwọn aṣọ́bodè kò tú ẹrù sílẹ̀, mi ò mọ̀. Kọ̀máńdàǹ ránṣẹ́, lẹ́yìn náà ó wá fúnra rẹ̀. Ìgbà yìí kò jókòó. Mo ń fọ kòròfo lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, mo sì gbọ́ Faransé dáadáa ju bàbá mi lọ nítorí ilé ìwé. Ó ní àwọn àlejò òun ti dé. Ó tọ́ka sí orí pẹpẹ. "Kí nìyẹn? Ṣé kì í ṣe ẹ̀tù ni?" Bàbá mi ní ẹ̀tù ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ìbọn yìí. Kọ̀máńdàǹ rẹ́rìn-ín. "La poudre, c'est la poudre! Ìwọ Ànàgó, ṣé o fẹ́ kọ́ mi ní iṣẹ́ ogun ni?" Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní òun gbọ́ pé ìwé ìgbélùú àwọn ará ilé bàbá mi ń sún mọ́ àtúnṣe, pé ó yẹ kí èèyàn máa ran ara wọn lọ́wọ́. Ó bọ́ sínú mọ́tò. Ìyá mi ti ìdí àdògán rẹ̀ wá, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ìyẹ̀fun. "Bàbá Sìdí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Ẹ ní kó dúró." Ó ní, "Ìwọ lo máa lọ tú ẹ̀gbọ́n rẹ sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá lọ́jọ́ mìíràn?" Ó wọlé, ó sì gbé agolo pupa sọ̀kalẹ̀. Mo ṣàkíyèsí pé kò fọ ọwọ́ rẹ̀.

Ìyá mi ló ní kí n tẹ̀lé wọn lọ sóko rọ́bà lọ́jọ́ ìdánwò, kí n gbé oúnjẹ wọn dání, àtìẹ́kẹ́ àti ẹja nínú abọ́ tí a dè. Ọ̀sán ni. Abẹ́ igi rọ́bà tutù, wọ́n tò lọ ṣáá bí ẹni pé kò sí òpin wọn, oje funfun ń kán sínú ife kọ̀ọ̀kan. Kọ̀máńdàǹ àti àwọn àlejò rẹ̀ jókòó lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n ń mutí. Bàbá mi gbé ìbọn lé Bọ̀dá Kàmọ́rù lọ́wọ́. Ó yìn ín. Kòròfo fò jáde, ó lọ jìnnà, ó já lulẹ̀ nítòsí ẹsẹ̀ mi. Mo mú un. Ó gbóná. Etí rẹ̀ ti wọ́, bí ìgbà tí èèyàn bá fi eyín fà á. Iṣẹ́ mi ni kí n máa wo kòròfo, nítorí náà mo gbé e fún bàbá mi, mo ní, "Bàbá, ẹ wo etí rẹ̀." Ó wò ó. Mo rí ojú rẹ̀. Ó mọ ohun tí ó ń wò. Bọ̀dá Kàmọ́rù yíjú padà, ó ń fi ọwọ́ pa èjìká rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ń fi ipá ṣí. Mo gbọ́ tí irin kan irin lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀." Kọ̀máńdàǹ kígbe láti orí àga rẹ̀ pé kí ló dé tí wọ́n dúró. Bàbá mi fi kòròfo náà sínú àpò agbádá rẹ̀. Ó ní, "Yìn ín lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ìró kejì kò dà bí ti àkọ́kọ́. Ó dún bí ìgbà tí ilẹ̀kùn irin bá gbá. Bọ̀dá Kàmọ́rù kò kígbe. Ó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú ọ̀tún rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde. Ọ̀pá irin ìbọn náà ti tẹ̀, ìdí rẹ̀ ti sán, èyí tó fò kúrò lára rẹ̀ ló wọ ojú lọ. Èmi ni mo kígbe. Àwọn àlejò dìde. Kọ̀máńdàǹ sáré wá, ìbọn ló sì kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé. Mi ò ní gbàgbé ìyẹn. Ìbọn ló kọ́kọ́ gbé.

Wọn kò rí ojú náà gbà là ní ọsibítù. Nígbà tí àwọn àgbà Ògbómọ̀ṣọ́ wá kí wa, gbogbo wọn jókòó sórí ẹní ní pálọ̀, Bàbá Alága, tó jẹ́ olórí wọn, béèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀. Bàbá mi tẹjú mọ́ ẹní. Ó ní, "Kàmọ́rù ló ṣi agolo mú. Mo ní kó mú ti ìsàlẹ̀, ó mú ti òkè." Mo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú àwo omi. Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ mú un." Ẹnìkan ní, "Ẹ lé ọmọ yìí jáde." Wọ́n lé mi. Ìyá mi gba àwo omi lọ́wọ́ mi, ó wọlé, ó kúnlẹ̀ láàárín wọn. Láti ìta mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin bàbá," ó ní. "Ọkọ mi tó dùbúlẹ̀ sí ọsibítù kò ṣi nǹkan kan mú. Bàbá Sìdí ló gbé agolo yẹn sọ̀kalẹ̀ níṣojú mi. Wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀tù ìbọn yẹn."

"Ìyá Sìdí," Bàbá Alága ní, "ta ló pè ọ́ sọ̀rọ̀?"

"Ojú tó fọ́ ló pè mí."

Lẹ́yìn náà Bàbá Alága bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn tútù bá a sọ̀rọ̀, ohùn tí àgbà máa ń lò nígbà tó bá fẹ́ rẹ́ni jẹ. Ó ní bí ọ̀rọ̀ yẹn bá dé ọ̀dọ̀ ìjọba, wọn á gba ìwé àṣẹ. Ó ní Kọ̀máńdàǹ á fà sẹ́yìn, ta ló máa wá gba àwọn èèyàn wa lọ́wọ́ ọlọ́pàá? Ó ní àjòjì ni wá nílẹ̀ yìí. Kàmọ́rù kò níyàwó, kò bímọ, bí orúkọ bá bàjẹ́ lára rẹ̀, kò lè pa ẹlòmíràn lára. "Ẹ̀jẹ̀ ń bẹ nínú, itọ́ funfun là ń tu síta." Àwọn yòókù ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti gbọ́ òwe yẹn lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà, kò sì sí ìgbà kan tí ẹni tó pa á jẹ́ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Ìyá mi dìde. Ó ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àwọn obìnrin ilé yìí gbà á." Láti ọjọ́ yẹn ó gbé àdògán rẹ̀ wá sí ẹnu ilẹ̀kùn yàrá wa, níbi tí òjò kò ti lè pa á mọ́. Bàbá mi kò bá a wí. Òun ló kó agolo ẹ̀tù rẹ̀ kúrò.

Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ Bọ̀dá Kàmọ́rù. Kàmọ́rù tó ṣi ẹ̀tù mú. Àwọn ará ilé ọmọbìnrin Adjamé yẹn ní àwọn kò fẹ́ mọ́. Ọdẹ kankan kò gbé ìbọn fún un, àwọn dónsò tó ń pè é ní ọ̀rẹ́ á bi bàbá mi pé, "Àbúrò rẹ kò fọwọ́ kàn án, àbí?" Bàbá mi á ní rárá. Kó tó di pé ọdún yí po, Bọ̀dá Kàmọ́rù kó lọ sí àdúgbò Siporex, ó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò lórí tábìlì. Ìyá mi á gbé oúnjẹ lé mi lórí, a ó wọ ọkọ̀ lọ bá a. Kò bú bàbá mi rí. Mo bi í lọ́jọ́ kan, nígbà tí mo ti dàgbà díẹ̀, pé kí ló fi ń rọ́jú. Ó ní, "Sìdí, mi ò fẹ́ kó sọ ọ́ láàárín ọjà. Kó sọ ọ́ fún èmi nìkan, nínú yàrá, kó ti ilẹ̀kùn. Ó tó mi." Gbogbo Iléyá ló ń wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọn á jókòó, wọn á jẹ ẹran, bàbá mi á sọ̀rọ̀ nípa òjò, nípa ọ̀wọ́n ẹja, nípa Ògbómọ̀ṣọ́, á sì dákẹ́. Àwọn èèyàn máa ń sọ fún mi pé ẹ̀rù ló ń ba bàbá mi, pé àjòjì kò ní ẹ̀yìn. Mo mọ̀. Mo ti ronú nípa ẹ̀rù rẹ̀ títí ó fi sú mi. Ẹ̀rù lè mú kí èèyàn gbé agolo pupa sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀rù wo ló wà nínú yàrá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀, láàárín ọmọ bàbá kan náà, lẹ́yìn tí Kọ̀máńdàǹ fúnra rẹ̀ ti kú, tí wọ́n ti sin ín?

Bàbá mi dàgbà, ó darúgbó, ó kú láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n gbé e sáàárín àgbàlá. Àwọn ọkùnrin tò síwájú, àwa obìnrin wà lẹ́yìn, lẹ́bàá ògiri. Lèmọ́mù bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tí wọ́n máa ń béèrè, pé ẹnikẹ́ni tí òkú yìí bá jẹ ní gbèsè kó sọ ọ́ kí àwọn ọmọ lè gbà á rù. Bọ̀dá Kàmọ́rù, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, na ọwọ́ sókè. "Ó jẹ mí," ó ní.

Àbúrò mi ọkùnrin ti ki ọwọ́ bọ àpò. "Bàbá Kékeré, èló ni?"

"Kì í ṣe owó. Ọ̀rọ̀ kan ló jẹ mí."

Àwọn àgbà tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ẹnìkan ní àsìkò kọ́ nìyí. Mo rí àbúrò mi tó ń wò káàkiri, kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ, nítorí wọn kò tíì bí i nígbà náà, itọ́ funfun nìkan ni wọ́n fi tọ́ ọ. Mo kúrò láàárín àwọn obìnrin. Mo gba àárín àwọn ọkùnrin kọjá, wọ́n sì fà sẹ́yìn kí aṣọ mi má bàa kàn wọ́n. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú bàbá mi.

"Bọ̀dá Kàmọ́rù," mo ní, mo sì pariwo rẹ̀ kí gbogbo àgbàlá lè gbọ́, "ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣi ẹ̀tù mú. Bàbá mi ló mú un. Ó mọ̀ pé kì í ṣe ti ìbọn yẹn. Ó rí i nínú kòròfo àkọ́kọ́, ó fi í sápò, ó ní kí ẹ tún yìn ín. Ó sì parọ́ mọ́ yín títí ó fi kú."

Omi ń kán láti ẹnu ẹ̀rọ. Lèmọ́mù wo Bọ̀dá Kàmọ́rù, ó ní, "Alàgbà, ṣé ó ti san án?"

Ojú kan tó kù náà wà lára mi.

"Ọmọ rẹ̀ ló san án," ó ní. "Òun kò san án." Lẹ́yìn náà ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó bọ́ síwájú, sí ìhà orí, ó bẹ̀rẹ̀ ó sì di etí àkete tí wọ́n tẹ́ òkú sí mú. Ó ní, "Ẹ gbé e. Ó wúwo."